Bí Ọláòṣebìkan Ṣe Tú Ìdè Omi Nílé Arúgbó Abẹ́-Àpáta

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ ibí. Ẹni tó bá ní àpótí kó jókòó lé àpótí, ẹni tí kò bá ní kó fi bàtà rẹ̀ ṣe tìmùtìmù. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń fi ìdúró gbọ́, nítorí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí kò rí ibi jókòó pẹ́ títí láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dé òpin. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni mo yin ẹfọ̀n mẹ́ta níbọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí ìkẹrin gbọ́ ìròyìn mi tó kó kúrò ní àdúgbò. Èmi ni iwin olójú mẹ́rìndínlógún pàdé lọ́nà tó sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó ní, "Bàbá ọdẹ, ẹ kú ìrìn o." Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín: bí ẹ bá ní kí n tú nọ́ọ̀tì kan tó ti dógùn-ún lábẹ́ síǹkì, ìbọn mi kò wúlò níbẹ̀, ẹnu mi náà kò sì wúlò. Nítorí náà, kì í ṣe ìtàn ara mi ni n ó sọ. Ìtàn Ọláòṣebìkan ni, púlọ́ńbà ìlú Òkè-Ìsun, ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ọdẹ tó gbé ìbọn baba rẹ̀ kọ́ sára ògiri tó sì gbé sípánà. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, ó sì ń sinmi láàárín gbólóhùn kan sí èkejì bí ẹni tó ń gun òkè.

Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Ọláòṣebìkan ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ogójì ọdún nínú rẹ̀ ló ti lò ní ìdọ̀bálẹ̀ lábẹ́ síǹkì àti lẹ́yìn balùwẹ̀ àwọn ènìyàn. Orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, èjìká ọ̀tún rẹ̀ kì í sì í gòkè kọjá etí mọ́. Bí wọ́n bá kí i pé, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o," yóò dáhùn pé, "Iṣẹ́ ló ń kí mi, èmi kọ́ ni mò ń kí i."

Ó ní àbúrò kan tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, ọmọ baba. Ọdẹ́dìran ni orúkọ rẹ̀, Ọláòṣebìkan sì fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Àwọn méjèèjì jọ ṣe iṣẹ́ omi fún ọdún pípẹ́. Ọdẹ́dìran lágbára bí akọ màlúù. Kò sí ohun tó dì tí kì í tú lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ bí méjì bá tú, ọ̀kan yóò fọ́. Ní ọdún mẹ́fà ṣáájú àkókò tí mò ń wí yìí, ó fi agbára fa páìpù kan ya nínú ògiri ilé olùkọ́ obìnrin kan tó ti fẹ̀yìntì. Omi gba gbogbo yàrá, ó sì ba gbogbo ìwé tí ọkọ obìnrin náà tó ti kú fi sílẹ̀ fún un jẹ́. Ojú gbogbo èrò ni Ọláòṣebìkan ti wí fún àbúrò rẹ̀ pé, "Ọwọ́ rẹ kò yẹ iṣẹ́ yìí. Oko ló yẹ ọ́, kí o máa hú kùkùté." Ọdẹ́dìran kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ. Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀gbọ́n bá gba ọ̀nà òkè, àbúrò á gba ti ìsàlẹ̀. Ẹyin lohùn, ẹ̀yin ará mi. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

Omi Òkè-Ìsun kì í ṣe omi kànga, kì í sì í ṣe omi ìjọba. Láyé àwọn baba ńlá wọn ni iwin obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Arúgbó Abẹ́-Àpáta, ẹni tó ni orísun tó wà lẹ́yìn Igbó Ìpẹtà, ti gbà kí wọ́n na páìpù irin kan láti inú ilé ìdáná rẹ̀ wá sí ìlú. Páìpù kan náà yìí ló pín sí ilé gbogbo. Nígbà tí ọyẹ́ mú ní ọdún náà, omi dá. Ẹ̀rọ omi inú ilé gbogbo mí fée lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé garawa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àfonífojì; ìyá àgbà kan ṣubú lójú ọ̀nà náà, itan rẹ̀ kán. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀ ni Ọdẹ́dìran dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, ó ní òun yóò lọ tú ohun tó há. Oṣù mẹ́ta kọjá. Kò sí omi, kò sí Ọdẹ́dìran.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó Ọláòṣebìkan, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ọlábọ̀dé, ń gbálẹ̀ ilé ìdáná nígbà tó gbọ́ ìró kan nínú páìpù: kó-kó, kó. Ó dákẹ́ díẹ̀. Kó-kó, kó.

"Bàbá Ọlábọ̀dé, ẹ wá gbọ́ nǹkan!"

Ọláòṣebìkan fi etí lé irin tútù náà. Nígbà tí òun àti àbúrò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé alájà, tí ọ̀kan wà lókè tí èkejì wà nísàlẹ̀, lílu páìpù ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni "mo ti ṣe tán." Ẹ̀ẹ̀mejì pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀kan ni "ọwọ́ mi há, máa bọ̀."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ó ti rẹ̀ mí, Ìyá Ọlábọ̀dé," ló wí. "Ara mi kò gbé igbó mọ́."

"Mo mọ̀," ni obìnrin náà dáhùn. "Àpò wo ni ẹ máa gbé?"

Wọ́n da gbogbo irinṣẹ́ sórí ẹní. Àpò kan ṣoṣo ni èjìká rẹ̀ lè rù, nítorí náà ohunkóhun tó bá wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìdí. Àwọn sípánà ẹlẹ́nu méjì ló kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Wọ́n lé ní ogún, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì mọ̀ ju nọ́ọ̀tì tó bá ẹnu rẹ̀ mu lọ. "Olóòótọ́ ni wọ́n," ló wí, "ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ jù." Dípò wọn, ó mú sípánà kan tí a lè yí ẹnu rẹ̀ kó fẹ̀ tàbí kó kéré, tí ẹnu náà sì ń dán, tí kò ní eyín. Ó mú rẹ́ǹṣì eléyín, èyí tó ń bu páìpù jẹ bí ajá ṣe ń bu egungun, tó jẹ́ pé bí o bá ṣe fà á tó ni eyín rẹ̀ ń wọlé tó. Ó mú sípánà ọlọ́rùn gígùn tó ń dé ẹ̀yìn síǹkì níbi tí ọwọ́ ènìyàn kò lè dé. Ó mú òòlù, ó mú gígé páìpù kan, ìyẹn ọ̀pá irin tó ṣófo nínú, tó máa ń tì bọ ìdí irinṣẹ́ kí ó lè gùn sí i, nítorí igi gígùn ní í yí òkúta ńlá. Ó sì mú ìgò kẹrosíìnì kan.

"Ẹ ò mú ayùn irin?" ni Ìyá Ọlábọ̀dé bi í.

"Ayùn ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Bí mo bá mú un dání, ọwọ́ mi á máa rántí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá rẹ̀ mí. Ó sì ti rẹ̀ mí báyìí, n kò tíì jáde nílé."

Obìnrin náà di gààrí àti àkísà mímọ́ mọ́ etí àpò, ó sì sìn ín dé ẹ̀yìn odi. Kò sunkún. Ó kàn ń tún okùn àpò náà ṣe léjìká rẹ̀, ó ń tún un ṣe, títí tí kò fi sí ohun tó kù láti tún ṣe mọ́.

Ẹ má bi mí bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó. Èmi ì bá fi ìdajì ọjọ́ rìn ín pẹ̀lú ìgalà méjì lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ru irin kò dà bí ẹni tó ń ru ẹran. Ẹran ń rọ̀ mọ́ni lára, irin kò mojú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó wọ Igbó Ìpẹtà, gbogbo nǹkan di pupa rúsúrúsú. Ewé igi ń ya bí irin tó ti jẹrà, àwọn ẹyẹ ń fò, ìyẹ́ wọn sì ń dún kéù-kéù. Ní ẹnu ibodè igbó náà ni iwin kan dúró sí, ó ga bí àràbà, ẹnu rẹ̀ sì pa dé pinpin. Nọ́ọ̀tì idẹ méjì ló so ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n ń kọ mànà bí oòrùn ọ̀sán. Imú ni iwin náà fi ń sọ̀rọ̀.

"Arìnrìn-àjò," ló wí, "kí ni ohun tó ń bu ni jẹ kó tó ran ni lọ́wọ́?"

Ọláòṣebìkan sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó nu òógùn. "Rẹ́ǹṣì eléyín ni."

"O gbà á. Èmi ni Ẹlẹ́nu-Dídì. Ọdún méje rèé tí nọ́ọ̀tì ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti dì, n kò jẹun, n kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Tú wọn. Ṣùgbọ́n ohun ọ̀ṣọ́ mi ni wọ́n. Bí o bá fi ojú eyín kan ṣoṣo ha idẹ mi, inú ikùn mi ni wàá ti parí ìrìn-àjò rẹ. Ṣé o rí èyí?" Ó yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ sí i. Ojú nọ́ọ̀tì tó wà níbẹ̀ ti ya yánnayànna. "Ọkùnrin kan gba ibí kọjá ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ní òun ń kánjú. Ó fi eyín irin bù mí, mo ké, mo sá wọ inú igbó, ó sì kọjá lọ."

Ọláòṣebìkan mọ ẹni náà. Ó dorí kodò. "Àbúrò mi ni, Bàbá. Ẹ bá mi fi orí jì í. Agbára rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi gbogbo."

Ó wo inú àpò. Rẹ́ǹṣì eléyín kò ṣeé lò. Sípánà ẹlẹ́nu dídán ì bá ṣe é, àmọ́ nọ́ọ̀tì náà rí roboto, kò ní igun tí ẹnu sípánà lè gbá mú. Ó dúró, ó ronú, ó sì tú bẹ́líìtì awọ tó wà ní ìdí rẹ̀. Ó fi í wé nọ́ọ̀tì ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì, ó kó etí rẹ̀ méjèèjì jọ, ó sì fi gígé páìpù rẹ̀ lọ́ ọ títí tí awọ náà fi di idẹ mú gírí bí ọwọ́ ìyá tó di ọmọ mú lọ́jà. Ó fà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ṣòkòtò rẹ̀ ti ń já bọ́ ní gbogbo ìgbà yìí. Ọwọ́ kan ni ó fi ń fa awọ, ìgbọ̀nwọ́ kejì ló fi ń di ṣòkòtò mú. Idẹ náà ké gíí, ó sì yí. Ó ṣe ti òsì bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Nígbà tó parí, ojú idẹ náà ń dán bí ó ṣe ń dán tẹ́lẹ̀.

Ẹnu iwin náà là gbàù. Ọláòṣebìkan rí eyín tó tó ọwọ́ àáké, ó sì di ojú, ó ń retí ohun tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n iwin náà kò jẹ ẹ́. Ó gbé orí sókè, ó sì pe orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ohùn tó mi igbó tìtì, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mo ti rò pé mo ti gbàgbé bó ṣe ń dún," ló wí. "Máa lọ, arúgbó. Ọ̀nà ló wà níwájú rẹ yẹn."

Ọ̀nà náà gbé e dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Fàáya. Kò sí ilẹ̀kùn tó so mọ́ ara ògiri níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá fẹ́ jáde, á gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ dání, bó bá dé, á fi ti ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ìkòkò wọn ni kò létí mọ́. Apá àwọn ọkùnrin ìlú náà tóbi bí odó, ẹsẹ̀ wọn sì rí tín-ín-rín bí ti àdán. Wọ́n mú un lọ síwájú ọba wọn.

"Arúgbó," ni ọba náà wí, "agbára mélòó lo ní?"

"Kábíyèsí, èyí tó kù ni mo mú wá."

Gbogbo ààfin rẹ́rìn-ín. Ọba wá sọ fún un pé kànga kan ṣoṣo tí ìlú ní, ọmọrí irin ló bò ó, nọ́ọ̀tì ńlá kan ló sì di ọmọrí náà mọ́lẹ̀. Láti ayé baba ńlá wọn ni akọni mẹ́wàá ti ń fà á lójoojúmọ́ tí kò tú, omi òjò ni wọ́n ń mu. Ẹni tó bá wọ ìlú yóò dán an wò. Bí kò bá lè tú u, yóò darapọ̀ mọ́ àwọn tó ń fà á títí ẹ̀mí rẹ̀ yóò fi bọ́.

Ọláòṣebìkan kúnlẹ̀ ti nọ́ọ̀tì náà, orúnkún rẹ̀ sì bú sí ariwo. Ó fi sípánà dídán sí i, ó yọ̀. Gbogbo igun rẹ̀ ti jẹ tán, ó ti di roboto bí ọsàn. Ó fa sípánà náà yọ, ó sì gbé ojú sókè sí àwọn akọni.

"Ẹ jọ̀wọ́, apá ibo ni ẹ máa ń yí i sí?"

Àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá na ọwọ́ ọ̀tún.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà baba ńlá wa."

Ọláòṣebìkan wò wọ́n pẹ́. Kò wù ú láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí bí ó ṣe lè ṣe é. "Ẹ̀yin ará mi," ló wí, "ẹ̀ ń dè é sí i ni, ẹ ò tú u."

Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú àwọn akọni náà, ẹni tó ti darúgbó jù nínú wọn, jókòó sórí ọmọrí kànga, ó gbé apá rẹ̀ méjèèjì lé orí itan bí ẹni gbé òkú ọmọ, ó sì ń sunkún. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ọláòṣebìkan jókòó tì í. Ó mọ bó ṣe ń rí kí ènìyàn lo apá rẹ̀ tán lórí nǹkan.

Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó da kẹrosíìnì sí ìdí nọ́ọ̀tì náà, ó sì fi òòlù gbá a yíká, kò gbá a gidi, ó kàn ń kàn án wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kí epo lè ráyè wọlé. Nísinsìnyí tí igun ti tán, rẹ́ǹṣì eléyín ni ọ̀gá níbẹ̀, nítorí ohun roboto tí kò sí ẹni tó ń wo ẹwà rẹ̀ ni eyín wà fún. Ó jẹ́ kó bù ú mú, ó ti gígé páìpù bọ ìdí rẹ̀, ó sì ní kí àwọn akọni náà rọ̀ mọ́ ọn sápá òsì. "Ẹ rọra," ló ń wí, "ẹ rọra, kì í ṣe ogun." Ìró kan bú bí ìbọn, nọ́ọ̀tì náà sì yí. Omi tutù rúyọ nínú kànga tí ẹnikẹ́ni tó wà láàyè kò rí inú rẹ̀ rí.

Inú ìlú náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gba òòlù rẹ̀ àti gígé páìpù rẹ̀, wọ́n gbé wọn sórí àpótí ọba. Ó bẹ̀ wọ́n títí, wọn kò dá a lóhùn. Ká ní èmi ni, ǹ bá ti yọ ìbọn! Ṣùgbọ́n Ọláòṣebìkan kò ní agbára ìjà. Ó gbé àpò rẹ̀ tó ti fúyẹ́, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ilé Arúgbó Abẹ́-Àpáta rí bí ilé yòówù tí ẹ bá mọ̀, àfi pé àpáta ni òrùlé rẹ̀. Iwin obìnrin náà jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó kéré bí ọmọ ọdún méje, irun rẹ̀ gùn ó sì tutù bí koríko odò.

"Òmíràn tún dé," ló wí. "Èyí tí ẹ rán wá kẹ́yìn wà nínú ilé, ó ń gbá páìpù mi ní gbogbo ọjọ́, kò jẹ́ kí n sinmi. Kí o tó wọlé, dá mi lóhùn. Irinṣẹ́ wo lo máa kọ́kọ́ mú? Èyí tó wà nínú ilé ní rẹ́ǹṣì ni."

Ọláòṣebìkan ro ó fún ìgbà díẹ̀. "Fìtílà ni, Ìyá," ló wí. "Kí n lè rí ohun tí mò ń ṣe."

Arúgbó náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó dìde, ó gbé fìtílà fún un, ó sì ní, "Bí o bá fọ́ páìpù mi, omi dá fún Òkè-Ìsun títí láé. Ìwọ náà yóò sì di irin."

Nínú ilé ìdáná, lábẹ́ síǹkì òkúta kan, ni Ọdẹ́dìran dùbúlẹ̀ sí. Ó ti gbẹ, irùngbọ̀n ti bò ó lójú. Rẹ́ǹṣì rẹ̀ ti kán sí méjì. Nígbà tó kán, ó fi ìbínú gbá páìpù náà mú lọ́wọ́ lásán, ó sì fà á. Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti di irin dé ọrùn ọwọ́, tó sì lẹ̀ mọ́ páìpù náà. Èékánná ọwọ́ òsì rẹ̀ ló fi ń kan irin náà láti fi pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ wá bú mi ni?"

"N kò ní agbára èébú," ni Ọláòṣebìkan wí. Ó tẹ́ àkísà sílẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ ti àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú fìtílà.

Odindi ọjọ́ kan ni ó fi ń wò ó. Nọ́ọ̀tì tó há náà wà lókè ọwọ́ Ọdẹ́dìran, lẹ́yìn síǹkì pátápátá, idẹ ni, igun rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ṣì pé. Páìpù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ti gbó, ara rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ bí ìwé. Bí ènìyàn bá fi eyín rẹ́ǹṣì bù ú, fífọ́ ni. Ọláòṣebìkan yọ rẹ́ǹṣì kúrò nínú àpò, ó sì lọ gbé e sí ìta gbangba, kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa ṣèèṣì mú un. Lẹ́yìn náà ni ó rọra nu ìpẹtà kúrò, ó kán kẹrosíìnì sí i lẹ́kán-lẹ́kán, ó sì ní, "Ó kù kí a dúró."

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi dúró, tí wọ́n ń jẹ gààrí, tí ẹ̀gbọ́n ń bu ti àbúrò sí i lẹ́nu. Ní ọjọ́ kejì ni Ọdẹ́dìran béèrè pé, "Wùràọlá ìyàwó mi ńkọ́?"

"Wọ́n ní ó ń pọnmi ní àfonífojì. N kò rí i fúnra mi. Ọdún mẹ́fà ni n kò ti ya ilé yín." Ọláòṣebìkan tún kán kẹrosíìnì sí nọ́ọ̀tì náà. "Kò yẹ kí n wí ohun tí mo wí lójú èrò lọ́jọ́ náà."

"Òótọ́ lẹ wí."

"Òótọ́ tí a sọ luni bí òkúta, òkúta náà ni."

Ní ọjọ́ kẹrin, ó fi sípánà ọlọ́rùn gígùn sẹ́yìn síǹkì, ó rọra wá nọ́ọ̀tì náà kàn, ẹnu rẹ̀ sì gbá a mú déédéé. Ó fà. Èjìká rẹ̀ bú sí iná, nọ́ọ̀tì kò mira. Gígé páìpù ì bá ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ti di ohun ọ̀ṣọ́ ọba Fàáya. Ó fi orí ti ògiri, ó ń mí gúlegúle.

"Ọdẹ́dìran," ló wí, "bí a bá yí nọ́ọ̀tì tí ẹnikẹ́ni kò bá di páìpù mú, páìpù á bá a yí, á sì ya. Kò sí ohun tó lè di páìpù yìí mú tí kò ní fọ́ ọ, àfi ọwọ́ rẹ tó ti lẹ̀ mọ́ ọn yẹn. Dì í mú. Kí o wá gbé ọwọ́ òsì rẹ lé ọwọ́ mi, agbára tèmi kò tó."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ mọ ọwọ́ mi."

"Mo mọ̀ ọ́n. Fà á bí ẹni tó ń fa ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ tó ń sùn. Ọ̀tún ni a ó kọ́kọ́ lọ."

"Ọ̀tún? Dídè nìyẹn!"

"Díẹ̀ péré, kí ìpẹtà lè já. Lẹ́yìn náà, òsì."

Ọwọ́ méjì wà lórí irin kan. Wọ́n lọ sí ọ̀tún níwọ̀n irun orí kan, nǹkan kan sì dún tík nínú nọ́ọ̀tì náà. Wọ́n yí padà sí òsì. Ọdẹ́dìran ń gbọ̀n, kì í ṣe nítorí pé ó ń lo agbára, bí kò ṣe nítorí pé ó ń dá a dúró. Nọ́ọ̀tì náà yí, ó dúró, ó tún yí. Omi pupa bíi ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ kọjá, tí páìpù náà ń gbọ̀n. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tó mọ́ gaara bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sí Òkè-Ìsun. Ọwọ́ Ọdẹ́dìran yọ kúrò lára irin náà, ó tutù, ó funfun, ó sì jẹ́ ẹran ara. Ó gbé e sókè sí fìtílà, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé.

Arúgbó náà ti dúró lẹ́yìn wọn. "Baba ńlá yín ṣèlérí fún mi," ló wí, "pé ẹnìkan yóò máa wá yí i síwá sẹ́yìn ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Ọgọ́ta ọdún, kò sẹ́ni tó wá. Ohun tí a kì í fọwọ́ kàn ni í dì. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró."

"Èmi ni n ó dúró," ni Ọláòṣebìkan wí kíá. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, kò sì sí ẹni tó ń pe púlọ́ńbà níbẹ̀.

Ọdẹ́dìran mi orí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ dúró nítorí pé ó rẹ̀ yín. Èmi fẹ́ dúró nítorí pé òní ni mo kọ́kọ́ mọ ohun tí ọwọ́ mi lè ṣe." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀. "Ẹ lọ sílé. Ẹ bá mi sọ fún Wùràọlá."

Ọláòṣebìkan gbé sípánà ọlọ́rùn gígùn lé e lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ kàn án lórí, ó sì lọ.

Nígbà tó wọ Òkè-Ìsun, omi ń dà nínú ilé gbogbo, àwọn ènìyàn ń wọ́n ọn síra wọn lára ní ìta. Wọ́n fẹ́ gbé e sókè. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá fìdí kan ilẹ̀ nílé òun, òun kò ní dìde mọ́, nítorí náà ilé àbúrò rẹ̀ ló kọ́kọ́ yà sí.

Wùràọlá ń fọ abọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ omi nígbà tó wọlé. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀. Kò sí. Ó ti ẹ̀rọ pa, ó sì kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Bọ̀dá."

Ọláòṣebìkan jókòó, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ìkankan pamọ́. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó fi ìró rẹ̀ nu ọwọ́.

"Ṣé ọwọ́ rẹ̀ ti san?"

"Ó ti san."

"Ṣé àyè ẹni méjì wà níbẹ̀?"

"Àyè wà. Àmọ́ arúgbó tó ni ilé náà ń ráhùn púpọ̀."

"Ìyá yín náà ráhùn, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bá wọn gbé." Ó wọ yàrá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ. "Ẹ júwe ọ̀nà fún mi."

Ọláòṣebìkan la ẹnu. Ó wí pé bó bá rí igbó tí ewé rẹ̀ pupa, kó máa lọ tààrà. Pé iwin kan wà níbẹ̀ tó ń pe orúkọ ara rẹ̀, kó má sá fún un. Pé ìlú kan wà, kó yẹra fún un, kó gba ẹ̀yìn rẹ̀... Ó rí i pé ọ̀nà náà kò ṣeé fẹnu júwe. Ó wo orúnkún rẹ̀ méjèèjì fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó ń bẹ alárù. Nígbà náà ni ó fi ọwọ́ ti ògiri, ó sì dìde.

"Bu omi fún mi ná," ló wí. "A ó gba iwájú ilé mi kọjá, kí n lè fojú kan ìyàwó mi."

Wùràọlá ṣí ẹ̀rọ, ó bu ife kan. Orí ìdúró ni Ọláòṣebìkan ti mu ún tán.

Ìtàn mi dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni mo jẹ́ kó jókòó sí. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sílé kó máa lọ o; èmi ní tèmi, n ó ṣì sinmi díẹ̀.